Ọkọ̀ Bàbá Fìyìn ní Etí Odò Po

                                        Via Pastrengo 27,
                                        Moncalieri,
                                        Torino, Italy.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Ojúọlá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ Adédayọ̀ ti yá kúrò nínú ikọ́ tó bá a fínra lẹ́yìn Kérésìmesì? Ọbalolúwa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí, àti pé bàtà rẹ̀ nìkan ló gba gbogbo ẹnu ọ̀nà yín. Màmá wa ní Ìgbókòdá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà wọ́n láyè láti máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ kú òtútù Padova o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà, ẹ kú àmúmọ́ra. Inú mi ìbá dùn bí ó bá jẹ́ pé torí kí n lè kí yín nìkan ni mo ṣe kọ̀wé yìí.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Ojúọlá, n kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ilé wa kò tóbi, ògiri rẹ̀ kò nípọn, gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo bá sì sọ ni ọkọ mi, Bàbá Fìyìn, ń gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí mo bá gbé fóònù jáde síta, á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni mò ń lọ sọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ilé màmá arúgbó tí mò ń tọ́jú lórí òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, nígbà tí wọ́n ń sun oorun ọ̀sán. Bí o bá rí ibi tí mo ti fo ọ̀rọ̀, ṣàánú mi, fi tìrẹ dí i.

O mọ̀ pé Bàbá Fìyìn ṣubú níbi iṣẹ́ ní Collegno ní oṣù Kọkànlá, láàárín àwọn páálí tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ẹrù. O wá sí ọsibítù, o sì rí i bí àrùn rọpárọsẹ̀ náà ṣe mú apá ọ̀tún rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà náà kò lè la ẹnu rárá, gbogbo wa sì rò pé bí ẹnu bá ti lè là, ohun tó kù á tẹ̀ lé e. Ohun tí n kò tí ì lè sọ fún ọ láti ìgbà náà ni pé ẹnu ti là, ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan la bá níbẹ̀. Èdè Ìtálì ti lọ. Wọ́n lè kí i ní “Buongiorno”, kó máa wo ẹni tó kí i bíi pé ẹni náà wúkọ́ ni. Yorùbá náà kì í wá lọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan, bóyá méjì, tòun ti ohùn Ìlàjẹ rẹ̀ tó ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá sọ fún un ní Yorùbá ló ń yé e. Gbogbo rẹ̀, Ojúọlá.

Ìwọ náà mọ bí ọkùnrin yìí ṣe gbọ́ èdè Ìtálì tó. Ní Modena, nígbà tí èmi pẹ̀lú rẹ ṣì ń fi ọwọ́ júwe ohun tí a fẹ́ rà, òun ti ń bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ ẹran ṣàwàdà. Ìwọ lo mú un wá bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá yìnyín yẹn, tí o ní, “Bùkọ́lá, wá wo ọmọ Ìlàjẹ tó ń sọ èdè wọn bíi pé ibí ni wọ́n bí i sí.” Èdè yẹn náà ló fi tọ́ Fìyìn. Èmi máa ń sọ Yorùbá sí ọmọ náà, òun á fi Ìtálì dá mi lóhùn, bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ṣe níbí. Ṣùgbọ́n ní ti òun àti bàbá rẹ̀, Ìtálì ni láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, òun ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà.

Ní báyìí, bí Fìyìn bá wọlé tó ní, “Papà, vuoi l'acqua?”, bàbá rẹ̀ á kàn máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹnu ẹja nínú omi. Bẹ́ẹ̀ omi mímu lásán ni ọmọ náà fi ń lọ̀ ọ́. Bí bàbá bá wá sọ tirẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn tó wúwo yẹn, ọmọ náà kò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó jáde kúrò ní yàrá bàbá rẹ̀, ó lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ orí ara rẹ̀. Nígbà tí mo kàn án, ó ní bàbá òun kò mọ òun mọ́. Mo ní ó mọ̀ ọ́. Ó ní kí n má parọ́ fún òun, pé òun kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Obìnrin tó yẹ kó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, tí wọ́n ń pè ní logopedista, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kó àwòrán síwájú rẹ̀: ṣíbí, ológbò, kọ́kọ́rọ́. Ó ní kó pe orúkọ wọn. Bàbá Fìyìn wo àwòrán, ó wo obìnrin náà, ó sì kọjú sí fèrèsé. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n bi í ní èdè wa. Obìnrin náà ní ará ilé kò gbọ́dọ̀ dá sí i, kí ó má baà jẹ́ pé èmi ni mò ń fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Bó ṣe parí nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kò yé e mọ́. Láti ọjọ́ náà ni assistente sociale, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdílé wa, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ilé kan níhà Cuneo, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí iyè wọn ti ra sí. Ó ní n kò lè dá a gbé, pé mo ń lọ síbi iṣẹ́, pé Fìyìn ń lọ sí ilé ìwé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ ní Cuneo bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́?

Inú ìdààmú yìí la wà tí òtútù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò nílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu. Ó yí orí kúrò, ó ní, “Ọkọ̀.” Mo ní ọkọ̀ wo? Ó ní, “Odò. Ọkọ̀. Ó tó.” Ṣé o rí i, lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lórí àwọn òkè yẹn, ọkọ mi kì í gbélé lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Ọ̀dọ̀ Signor Renato ló máa ń lọ, bàbá àgbà ará Ìtálì kan tó ní ọgbà létí odò Po, tí àwọn ènìyàn máa ń gbé ọkọ̀ wọn pamọ́ sí nígbà òtútù. Ọkọ̀ tiwa kékeré ni, páànù ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń tọ́jú rẹ̀, o lè rò pé ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń lọ sí òkun ní Ayétòrò ni. Inú rẹ̀ ló ti ń pa àwọn siluro, ẹja tó dà bí àrọ̀ ṣùgbọ́n tó lè gùn tó ènìyàn, èyí tí gbogbo ìjọ wa ń pín jẹ.

Mo ṣe bíi pé n kò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn. Bí mo bá gbé e wá láàárọ̀, “Ọkọ̀.” Bí mo bá gbé e wá lálẹ́, “Ọkọ̀.” Egungun ejìká rẹ̀ ti ń yọ jáde. Dókítà ti sọ pé kó má sún mọ́ omi, ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló ń wo abọ́ tó kún bó ṣe wà. Mo sọ fún ara mi pé bí a bá tún ọkọ̀ náà ṣe lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á jẹun, a ó sì padà wálé. Kò sí lọ́kàn mi rárá pé kí ẹnikẹ́ni wọ inú omi.

Tipátipá ni mo fi mú Fìyìn lọ. Ó fi nǹkan dí etí rẹ̀ méjèèjì, orin ló ń gbọ́, ó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ bàbá rẹ̀ lọ bí ẹni ń ti ẹrù ẹlòmíràn. Nígbà tí a dé ọgbà náà, Signor Renato sáré wá, ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó da Ìtálì bolẹ̀. Bàbá Fìyìn ń fi òsì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ kan fi dá a lóhùn. Bàbá àgbà náà yà sẹ́yìn ilé irinṣẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

A ṣí tapólì tó ti ya kúrò lórí ọkọ̀. Ewé jíjẹrà ló kún inú rẹ̀. Èkúté ti bímọ sínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Àwọn ìwọ̀ ti dípẹtà, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹ̀gún, okùn ìwọ̀ ń já bí a bá ti fà á. Ẹ́ńjìnnì kọ̀, kò gbọ́ ti Signor Renato. Wọ́n tú u kúrò, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi tí n kò fi ọwọ́ kan ọkọ̀ rí láyé mi, mo kúnlẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ewédò kúrò lára páànù. Bàbá Fìyìn jókòó lókè wa, ó ń fi ìka júwe. Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, “Àjẹ̀.” Fìyìn yọ nǹkan kúrò létí. Inú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti ń gbọ́ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì bi mí ní Ìtálì bóyá bàbá òun ti ń rí àjẹ́ báyìí. Mo na ohun tí wọ́n fi ń tukọ̀ sí i, mo ní èyí ni wọ́n ń pè ní àjẹ̀. Ojúọlá, bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Apá òsì ojú rẹ̀ nìkan ló rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Nígbà tí a délé, ó jẹ ẹ̀bà tán.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní gbogbo Sátidé. Fìyìn kò fi nǹkan dí etí mọ́. N kò ní sọ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá á na ìka, ọmọ á gbé nǹkan sókè, bàbá á mi orí. Mo ń wò wọ́n, mo ń ṣọpẹ́ lọ́kàn mi, mo sì rò pé ohun tó burú jù ti kọjá.

Sátidé tó kọjá yìí ni ọ̀dà tí a fi kun ọkọ̀ gbẹ. Signor Renato ní kí a sọ ọ́ sómi díẹ̀, kí a fi okùn so ó mọ́ òpó, kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Òjò ti rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, yìnyín sì ń yọ́ bọ̀ láti orí òkè, odò kún, omi rẹ̀ pọ́n bí tíì tí a da mílíìkì sí. Kí a tó ti ọkọ̀, Bàbá Fìyìn fi ọwọ́ òsì di etí ọkọ̀ náà mú, ó wọ́ ara rẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú sínú ọkọ̀. A bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Signor Renato bẹ̀ ẹ́, èmi bẹ̀ ẹ́. Ó gbá pátákó ìjókòó mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, o wà níbẹ̀, ìwọ náà rí i pé kò sunkún. Fìyìn wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó fi ọ̀kan wọ bàbá rẹ̀, ó wọlé lọ jókòó tì í kó má baà ṣubú. Mo ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, pé okùn wà níbẹ̀. A rọra tì wọ́n.

Wọn kò tí ì kúrò ní bèbè dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, “Ìdí! Ìdí!” Ojúọlá, ojoojúmọ́ ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí ìjókòó náà ń dùn ún. Mo bọ́ súwẹ́tà mi, mo jù ú sí Fìyìn pé kó fi tẹ́ ìjókòó fún un. Bàbá rẹ̀ gbà á, ó sọ ọ́ sómi. “Ìdí!” Ìdí ọkọ̀ ló ń sọ. Ihò kan wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀ pátápátá, tí ọkọ mi máa ń ṣí sílẹ̀ bí òtútù bá ti ń bọ̀ kí omi òjò má baà dúró sínú ọkọ̀, tó sì máa ń fi rọ́bà dí padà kó tó gbé e sómi. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo àsìkò tí a fi ń ha ọkọ̀ tí a ń kùn ún, kò sẹ́ni tó bi í. Èmi tí mo gbọ́ èdè rẹ̀, tí a jọ ń sùn tí a jọ ń jí, n kò gbọ́ ohun tó ń wí.

Nígbà tí a rí i pé omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, Signor Renato fa okùn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìta ni okùn náà ti sùn ní gbogbo ìgbà òtútù, ó sì ti gbó. Ó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀. Odò gba ọkọ̀ náà lọ.

Mo sáré. N kò mọ bí mo ṣe sáré, mo ṣáà ń sáré nínú ẹrẹ̀ létí odò, bàtà mi kan ti yọ. Mo mọ̀ pé ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti fi kọ̀ǹkéré gé odò náà, tí omi ti ń já sílẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ti ń wọ̀ mí létí. Mo ń gbọ́ ohùn ọkọ mi lórí omi, ó ń kígbe, “Gbọ́n! Fìyìn, gbọ́n!” Omi ni ó ní kó gbọ́n dànù. Ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, bí kò ṣe lẹ́nu mi, nígbà tí mo bá ń bá a wí pé kò gbọ́n? Ó rò pé bàbá òun ń bú òun ni. Ó ń sunkún, ó ń fi Ìtálì dá a lóhùn pé kì í ṣe ẹ̀bi òun, pé kì í ṣe òun ló já okùn. Mo pariwo, “Omi! Da omi nù!”, ní Yorùbá, ní Ìtálì, títí ohùn mi fi há. Kò gbọ́ mi. Mo rí àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n ń ké sí ara wọn, omi ń gòkè, kò sì sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì yé. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo máa pàdánù wọn sí.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí Bàbá Fìyìn dákẹ́. Ó tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ òsì bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó ti rọ, ó bu omi, ó dà á síta. Ó tún bu òmíràn. Fìyìn wò ó. Ó já ike tí wọ́n ń kó ekòló sí gbà lábẹ́ ìjókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Bàbá rẹ̀ wá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan, ó tún lù ú, ó fi àgbọ̀n júwe àjẹ̀. Ọmọ náà mú un, ó fi tu omi níbi tí bàbá ń lù. Imú ọkọ̀ yí díẹ̀díẹ̀. Ó wọ àárín gbòǹgbò àwọn igi kan tó tẹ̀ sórí omi, ó há síbẹ̀, ó sì dúró.

Mo wọ inú odò dé ìbàdí kí ọwọ́ mi tó tẹ̀ wọ́n. Ó tutù débi pé n kò lè mí. Bàbá Fìyìn gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó ń sọ pé, “O ṣeun. Ọmọ mi, o ṣeun.” Ìyẹn yé Fìyìn. Kò lè sọ ju “Papà” lọ.

Ẹnì kan tó wà lórí afárá ló pe àwọn panápaná. Wọ́n gbé wa gòkè, wọ́n fi aṣọ dídán tí wọ́n fi ń lé òtútù wé wa lára. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀ síwájú ọkọ mi, ó ń béèrè orúkọ rẹ̀ ní Ìtálì, ó ń béèrè bóyá ó mọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Bàbá Fìyìn ń wò ó. Ọkùnrin náà kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní kò yé e, pé kò mọ nǹkan kan. Ojúọlá, Fìyìn dìde. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì pariwo mọ́ wọn, “Ó ń gbọ́! Bàbá mi ń gbọ́!” Yorùbá ló fi sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, n kò gbọ́ ọ rí kí ó fi Yorùbá bínú. Àwọn ọkùnrin náà ń wo ara wọn lójú, kò yé wọn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ gbé orí sókè.

O lè rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dára nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àná ni assistente sociale wá sílé wa. Ó ti gbọ́. Ó ní mo fi ẹ̀mí aláìsàn àti ẹ̀mí ọmọ mi wewu. Wọn yóò ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin. Bí wọ́n bá ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ kò yé e, wọn yóò mú un lọ sí Cuneo. Mo ní gbogbo rẹ̀ ló ń yé e. Ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé bí gbogbo ìdílé ṣe máa ń sọ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Fìyìn túmọ̀. Ó ní rárá, ọmọdé ni, ará ilé sì ni. Ẹni tó wá láti ìta, tó ń ṣe é níṣẹ́, ni wọ́n lè gbà. Wọ́n ní àwọn lè wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti bá Ìtálì lọ. Àwọn kò ní ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá.

Mo ní ẹnì kan. Ojúọlá, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ tí ò ń ṣe lójoojúmọ́ ní ọsibítù yín ní Padova nìyí? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń jókòó ti àwọn aláìsàn wa, tí o ń sọ ohun tí wọ́n wí fún dókítà? Mo mọ̀ pé wọn kì í tètè fún ọ láyè. Mo mọ̀ pé Ọbalolúwa ní ìdánwò. Mo wo gbogbo rẹ̀, mo sì tún ń bẹ̀ ọ́. Wá. Orí ilẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń bẹ̀ ọ́. Bí o bá dé, má fi Ìtálì kí i. Kí i bí o ṣe máa ń kí i ní Modena. Má fi àwòrán ṣíbí hàn án. Odò ni kí o bi í, ẹja ni kí o bi í. Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, má bá a parí rẹ̀, dúró dè é. Á wá.

Ó ti rẹ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ń na ọwọ́ sí wa, wọ́n ń gbàdúrà pé ahọ́n rẹ̀ á tú, èmi á kàn dúró síbẹ̀, n kò rí ohun tí mo lè sọ fún Ọlọ́run mọ́. Nínú bọ́ọ̀sì mo máa ń jókòó kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn padà. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí Fìyìn ń wọ bàtà ilé ìwé, ó bi mí pé bí wọ́n bá mú Papà lọ, ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀? Mo mú ṣáátì bàbá rẹ̀ tó wà lórí àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, mo tú u, mo tún ká a.

Bá mi kí Adédayọ̀ dáadáa. Sọ fún un kó má bínú pé mo fẹ́ yá ìyàwó rẹ̀. Bá mi kí Ọbalolúwa, kó mójú tó ìwé rẹ̀. Bí o bá pe Ìgbókòdá, bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá. Má sọ nǹkan kan fún wọn nípa odò. Signor Renato ní kí n kí ẹni tí mo ń kọ̀wé sí, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá wò wá láti Sátidé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà Padova,

Olúwabùkọ́lá.

Mo tún ṣí ìwé náà padà. Mo ti dé ilé, mo ń kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn àpò ìwé lórí tábìlì ìdáná, n kò mọ̀ pé Bàbá Fìyìn ti dìde. Ó fi ọ̀pá tí wọ́n fún un ní ọsibítù wọ́ ẹsẹ̀ rìn wá láti yàrá fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti ṣubú, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, “Ta ni?” Mo ní Ojúọlá ni. N kò tí ì sọ ọ̀rọ̀ Cuneo fún un, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti mọ̀. Ògiri wa kò nípọn, mo ti sọ fún ọ, Yorùbá ni mo sì fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Fìyìn lálẹ́ àná. Fìyìn jáde wá, ó gbé àga sẹ́yìn bàbá rẹ̀, bàbá kò jókòó. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà, a sì ń dúró dè é, àwa méjèèjì. Ó ní, “Sọ fún un. Mo wà níbí.”